Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà: Bí a Ṣe Ń Lo gcc, àti Ìdí tí ó fi Yẹ kí a Gbọ́ Ìkìlọ̀ Rẹ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

Púpọ̀ nínú yín ni ó ti mọ kọ̀ǹpútà lò. Ẹ ń fi í tẹ lẹ́tà, ẹ ń fi í gbọ́ wáàsí, ẹ sì ti jókòó níwájú rẹ̀ ṣe ìdánwò JAMB. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé kò ì tíì pọ̀ láàrin wa. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí ṣàlàyé irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ gcc. Òun ni ó ń sọ ohun tí a fọwọ́ kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. A ó fi ọ̀rọ̀ ogún pínpín ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì wa lórí rẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe àṣìṣe irú rẹ̀. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

1. Kí ni kọ̀ǹpáílà?

Èdè tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà gbọ́ kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Lárúbáwá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà lásán ni. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó máa fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kọ ètò gígùn kí orí má fọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ṣe àwọn èdè mìíràn tí ènìyàn lè kà kí ó yé e. Ọ̀kan nínú wọn ni èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972. Kọ̀ǹpáílà ni ó ń túmọ̀ èdè C sí èdè ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ wé e. Nígbà tí a bá ń ṣe tàfúsírì nínú oṣù Ramadan, Ajánásì yóò ka ẹsẹ kan, Àfáà yóò túmọ̀ rẹ̀, Ajánásì yóò tún ka òmíràn. Ojú ẹsẹ̀ ni ìtumọ̀ ń wáyé. Àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ń ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpáílà dà bí ẹni tí ó túmọ̀ odidi ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó di ìtumọ̀ náà pọ̀ ní ìwé kan, tí ó sì gbé e fún wa. Láti ìgbà náà lọ, ìwé ìtumọ̀ ni à ń kà, a kò tún nílò olùtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Richard Stallman ni ó bẹ̀rẹ̀ gcc, ó sì kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1987 lábẹ́ iṣẹ́ tí a ń pè ní GNU. Ọ̀fẹ́ ni, àṣẹ tí a fi gbé e jáde sì fún gbogbo ènìyàn láàyè láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, àti láti tún un ṣe. Èyí ṣe pàtàkì fún Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lo ètò tí ẹlòmíràn jí dà kọ, tí a kò sì ka ìyẹn sí nǹkan. gcc kò mú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ bá ẹ̀rí-ọkàn ẹni.

2. Bí ẹ ó ṣe rí i

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo Ubuntu tàbí Debian, ẹ ṣí tẹ́míná, èyíinì ni ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ sì tẹ:

sudo apt install build-essential

Bí ó bá jẹ́ Windows ni, ẹ lè gba gcc nípasẹ̀ MSYS2. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá, ṣùgbọ́n tí ó ní fóònù Android, kí ó wá ètò tí ń jẹ́ Termux, kí ó tẹ pkg install clang nínú rẹ̀. Clang jẹ́ kọ̀ǹpáílà mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn àṣẹ tí a ó kọ́ níhìn-ín bá a mu. Ibi tí a bá kọ gcc sí, kí onítọ̀hún kọ clang. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á tán, kò ní máa jẹ dátà yín mọ́. Ẹ lè lò ó nínú ilé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti mọ̀ bóyá ó ti wọlé, ẹ tẹ gcc --version. Bí ó bá dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, ó ti wà. Bí ó bá ní command not found, kò ì tíì wà nìyẹn.

3. Ètò wa: ìpín opó

Nínú Súrátù Nisaa, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun pín ogún fún opó. Bí ọkọ rẹ̀ kò bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni tirẹ̀. Bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, yálà òun ni ó bí ọmọ náà tàbí ìyàwó mìíràn, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, wọn ó jọ pín ìdá kan náà dọ́gbadọ́gba ni. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ìsìnkú, tí a ti san gbèsè òkú, tí a sì ti mú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ ni gbogbo èyí tó wáyé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jìnnà sí ara wọn. Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, ọmọ Mùsùlùmí tí ó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní ayé Kálífà al-Ma'mun, tí ó jọba láti 813 sí 833, ni ó kọ ìwé tí orúkọ ìmọ̀ áljébrà ti jáde. Apá ńlá nínú ìwé náà ni ó fi ṣàlàyé ìṣirò ogún àti àsọtẹ́lẹ̀. Láti ara orúkọ òun gan-an ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà algorithm, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò lójoojúmọ́ fún ìlànà tí a là sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ọ̀nà àwọn bàbá wa ni a ń tọ̀.

Ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ kọ ètò yìí sí i, kí ẹ sì sọ orúkọ fáìlì náà ní ipin.c. A kò fi àmì ohùn sí àwọn orúkọ inú rẹ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀.

#include <stdio.h>

int main(void)
{
    long ogun, ipin;
    int omo;

    printf("Elo ni ogun? ");
    scanf("%ld", &ogun);
    printf("Omo melo ni oloogbe fi sile? ");
    scanf("%d", &omo);

    if (omo = 0)
        ipin = ogun / 4;
    else
        ipin = ogun / 8;

    printf("Ipin opo: %ld\n", ipin);
    return 0;
}

Ẹ kọ ọ́ bí ó ti wà yìí gan-an. Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ dákẹ́ ná.

4. Àṣẹ àkọ́kọ́

Ẹ wọ inú àpò tí fáìlì náà wà, kí ẹ tẹ:

gcc ipin.c

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti ṣe é nìyẹn. Yóò dá fáìlì tuntun kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ a.out, lórí Windows, a.exe ni. Orúkọ yìí kò sọ iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe, bí ẹ bá sì túmọ̀ ètò mìíràn nínú àpò kan náà, a.out tuntun yóò gba ipò ti àtijọ́. Nítorí náà ni a fi ń lo àṣàyàn. Àṣàyàn ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dáàṣì, tí a fi ń sọ fún gcc bí a ṣe fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni -o, tí ó ń fún ètò ní orúkọ:

gcc ipin.c -o ipin

Láti mú kí ètò náà ṣiṣẹ́, ẹ tẹ ./ipin. Àmì ./ yẹn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé inú àpò tí a wà yìí ni kí ó ti wá a.

Ẹ ṣọ́ra lórí nǹkan méjì. Èkíní, orúkọ tí ó bá tẹ̀ lé -o ni gcc yóò kọ ìtumọ̀ lé lórí. Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ gcc -o ipin.c omiran.c, ohun tí ẹ kọ sínú ipin.c yóò pa rẹ́, ẹ kò sì ní rí i gbà padà bí ẹ kò bá ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Èkejì, ẹ rántí àpẹẹrẹ ìwé tí a túmọ̀. Bí ẹ bá tún ipin.c ṣe, àtúnṣe náà kò ní dé inú ipin àyàfi bí ẹ bá tún túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti fi odidi ìrọ̀lẹ́ wá àṣìṣe tí wọ́n ti tún ṣe, nítorí pé ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò.

5. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì

Ètò yìí náà ni a kọ sójú pátákó nínú kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ wa. A túmọ̀ rẹ̀, gcc kò fọhùn. A fún un ní ogún ₦2,400,000 àti ọmọ 3. Ó dáhùn pé 300,000. A fi ọwọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó bá a mu. Inú wa dùn, àwọn kan sì ti ń sọ pé kí a gbé e fún ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí kí wọ́n máa lò ó.

Nígbà náà ni arábìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bùrọ́dà, ẹ jẹ́ kí a dán an wò fún ẹni tí kò bímọ." A tẹ ₦2,400,000, a tẹ ọmọ 0. Ó tún dáhùn pé 300,000.

Kíláàsì pa lọ́lọ́. 600,000 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ìdajì ẹ̀tọ́ opó náà ti lọ, ètò náà kò sì fi ojora kankan hàn. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ti gbà á, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò ní ọmọ tí yóò gbèjà rẹ̀, ni ìyà ìbá jẹ. Bí ó bá sì bi wọ́n léèrè, wọn ìbá sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni ó ṣírò rẹ̀.

Kí ni ó fa èyí? Àmì = ẹyọ kan ni. Nínú èdè C, omo == 0 ni ó ń béèrè pé, ṣé omo jẹ́ òdo? Ṣùgbọ́n omo = 0 kì í béèrè nǹkan; ó ń pàṣẹ pé kí omo di òdo. Bí ó ti sọ ọ́ di òdo tán, C ka òdo sí "rárá", ó sì gba ọ̀nà else lọ. Iye ọmọ yòówù tí a bá tẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò máa pín.

6. -Wall: ẹ jẹ́ kí ó kìlọ̀ fún yín

A tún ètò náà túmọ̀, a sì fi àṣàyàn kan kún un:

gcc -Wall ipin.c -o ipin

Ní báyìí, ó sọ̀rọ̀:

ipin.c:13:9: warning: suggest parentheses around assignment used as truth value [-Wparentheses]

Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀. ipin.c ni fáìlì. 13 ni ìlà, 9 ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí ìlà ọ̀hún. Warning ni ìkìlọ̀. Ìyókù ń sọ pé, o ń fi nǹkan sínú omo níbi tí ó yẹ kí o ti béèrè. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gcc ti lè rí i. Àwa ni a kò sọ fún un pé kí ó wí.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàrin error àti warning. Error ni àṣìṣe tí gcc kò lè gbà, bí ìgbà tí a gbàgbé àmì. Ní ìparí ọ̀rọ̀. Kò ní ṣe ètò kankan fún wa títí a ó fi tún un ṣe. Warning ni ohun tí òfin èdè gbà, ṣùgbọ́n tí ó fura sí. Yóò ṣe ètò náà, yóò sì gbé e fún wa pẹ̀lú àléébù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ fi léwu ju àṣìṣe lọ fún ẹni tí kì í fetí sílẹ̀.

Àwọn àṣàyàn méjì mìíràn wà tí ó bá a rìn. -Wextra ń fi ìkìlọ̀ mìíràn kún ti -Wall. -Werror ń sọ ìkìlọ̀ gbogbo di àṣìṣe, débi pé ètò kò ní jáde àfi bí a bá gbọ́ gbogbo wọn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lo -Wall àti -Wextra láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí àṣìṣe bá sì pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tún èyí tí ó wà lókè pátápátá ṣe, kí ẹ tún túmọ̀. Nígbà púpọ̀, ọ̀kan ni ó bí ìyókù.

7. Ohun tí kọ̀ǹpáílà kò lè rí

Lẹ́yìn tí a tún ìlà 13 ṣe sí if (omo == 0), arákùnrin kan ní kí a kọ ìpín náà bí ó ti wà nínú ìwé mírásì, kí ó lè hàn dáadáa:

ipin = 1 / 8 * ogun;

A lo -Wall, a lo -Wextra. gcc kò sọ nǹkan kan. A tẹ ₦2,400,000 àti ọmọ 3. Ó ní ìpín opó jẹ́ 0.

Ìdí rẹ̀ ni pé 1 àti 8 jẹ́ odidi nọ́ńbà, bí C bá sì fi odidi pín odidi, odidi nìkan ni yóò mú, yóò ju ìyókù nù. 1 pín sí 8 kò pé odidi kan, nítorí náà òdo ni, òdo lọ́nà ogún iye yòówù, òdo náà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ogun / 8, odidi owó náà ni a kọ́kọ́ pín, ó sì tọ̀nà. Síbẹ̀, bí owó náà kò bá pín dọ́gba, ìyókù yóò ṣì bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó péye kí ó fi kọ́bọ̀ ṣe ìṣirò dípò náírà.

Kí ló dé tí gcc kò fi kìlọ̀ nípa èyí? Nítorí pé òfin C ni a tẹ̀ lé. Kò mọ̀ pé opó ni à ń pín ogún fún. Irinṣẹ́ lè ṣọ́ ọwọ́ wa, ṣùgbọ́n kò mọ èrò ọkàn wa, kò sì kà Súrátù Nisaa. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ètò kankan gbọ́, ẹ fi ìwé àti bírò ṣe ìṣirò ìdáhùn rẹ̀ ná, fún gbogbo ẹ̀ka tí ó wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó bímọ, ẹni tí kò bímọ, owó kékeré, owó ńlá. Ẹ̀ka tí a kò bá dán wò ni ìṣòro máa ń fara pamọ́ sí.

8. Àwọn àṣàyàn mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀

-E: ó ń fi ètò hàn lẹ́yìn tí a ti kó ohun tí #include ń pè wọlé, ó sì dúró níbẹ̀.

-S: ó ń túmọ̀ dé èdè assembly, tí ó súnmọ́ èdè ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí ènìyàn ṣì lè kà. Fáìlì ipin.s ni yóò ti wà.

-c: ó ń túmọ̀ dé èdè ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò so ó pọ̀ mọ́ ìyókù. Fáìlì ipin.o ni yóò dá sílẹ̀. Bí ètò bá ní fáìlì mẹ́wàá, tí a sì tún ọ̀kan ṣe, ọ̀kan náà nìkan ni a ó tún túmọ̀, a ó wá so gbogbo wọn pọ̀.

-l: ó ń so ètò mọ́ àkójọ iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ti ṣe sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, -lm ni ti ìṣirò gíga. Ẹ máa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn orúkọ fáìlì yín: gcc isiro.c -o isiro -lm. Bí ó bá ṣáájú, ó ṣeé ṣe kí gcc sọ pé undefined reference.

-g: ó ń fi àmì sí inú ètò kí a lè fi gdb tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ń wá àṣìṣe.

-O2: ó ń mú kí ètò yá kánkán. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò nílò rẹ̀. Kí ètò kọ́kọ́ sọ òtítọ́, kí ó tó máa sáré.

Ìparí

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́hun kọ oṣùwọ̀n èké fún wa, Ó sì sọ odidi Súrà kan lórí àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Ní ayé àtijọ́, igbá àti ìwọ̀n ni òṣùwọ̀n. Lónìí, ètò orí kọ̀ǹpútà ti di òṣùwọ̀n pẹ̀lú: òun ni ó ń ṣírò owó oṣù, máàkì ìdánwò, àti gbèsè. Ẹni tí ó bá ń kọ ọ́, òṣùwọ̀n ni ó mú lọ́wọ́. Kí ó má fi ìwàdùwàdù bá a lò, kí ó má sì sọ pé kọ̀ǹpútà ni ó ṣe é. Arábìnrin tí ó béèrè ìbéèrè ọjọ́ yẹn kò mọ C jù wá lọ. Ẹni tí kò bímọ ni ó rántí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ẹ tún ipin.c ṣe kí ó tọ̀nà. Ẹ fi -Wall àti -Wextra túmọ̀ rẹ̀ títí tí kò fi ní sọ nǹkan kan mọ́.
2. Ẹ fi ìbéèrè kẹta kún un: ìyàwó mélòó ni olóògbé fi sílẹ̀? Kí ètò náà sọ ìpín ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Fún ₦2,400,000, ọmọ 3 àti ìyàwó 4, ìdáhùn rẹ̀ ni 75,000.
3. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá tẹ ìyàwó 0? Ẹ ronú sí i kí ẹ tó dán an wò, kí ẹ sì wá bí ètò yín yóò ṣe kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ogún gidi ní ẹ̀ka púpọ̀ ju èyí lọ. Ẹ má fi ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí pín ogún ẹnikẹ́ni. Ẹ kó o tọ àwọn Àfáà tí ó mọ̀ nípa mírásì lọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó sì fi wá ṣe ẹni tí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn kò ní ti ọwọ́ rẹ̀ sọnù. Àmín.